Ìbéèrè Yín Lórí Ṣógì: Ọjà Tí Kò Lọ́jọ́, Ta Ni Yóò Ná An?

Lóṣù yìí, ṣógì ló kún inú àpótí ìbéèrè wa. Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: eré ọpọ́n ilẹ̀ Jàpáànù ni. Ọpọ́n rẹ̀ ní ilé 81, mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró. Ọmọ 20 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó jà, ẹni tó bá sì ká ọba ẹnìkejì mọ́ ibi tí kò ti lè yọ ló borí. Ó fara jọ ṣẹ́ẹ̀sì dé ibì kan, wọ́n á wá pínyà: ní ṣógì, ọmọ tí ẹ bá jẹ kì í kú. Ó ti di tiyín nìyẹn. Ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ìgbà tó bá kàn yín ẹ lè sọ̀ ọ́ padà sójú ogun sí ilé tó ṣófo tó bá wù yín, àfi ìwọ̀nba tí òfin yọ sílẹ̀, kó máa bá ọ̀gá rẹ̀ àná jà. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dá ẹgbẹ́ ṣógì sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó pé oṣù mẹ́ta báyìí. A ti di 143 níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà òwúrọ̀ àti fídíò ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Tí mo bá ní ká ta, ẹni méjì á dáhùn, ọ̀kan nínú wọn á ní òun ṣì wà lójú ọ̀nà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Alága tí kò lọ́mọ ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Alága, ẹ ò ṣẹ̀. Èrò lẹ kó jọ kí ẹ tó dá ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá wọ ìkànnì ṣógì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrí ẹni bá a ta, á jáde. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní padà mọ́, kò sì ní sọ fún yín pé òun ti lọ. Èèyàn 143 tí oníkálukú ń wọlé ní wákàtí tirẹ̀ kò ní pàdé ara wọn láéláé. Èèyàn mẹ́fà tó wọlé pọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ á ta eré mẹ́sàn-án: ọpọ́n mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ mú wákàtí kan, ẹ kàn án mọ́lẹ̀. Ká ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹ má kéde rẹ̀ fún ẹni 143. Ìkéde gbogbo ayé kì í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ẹni mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á lè wá ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́jọ léraléra. Tí mẹ́fà bá gbà tí mẹ́rin sì wá, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí lishogi, ìkànnì ṣógì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò sì ní ìpolówó ọjà kankan, ẹ lè ṣètò ìdíje oníṣẹ́jú 90 kí ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní arena ni kí ẹ yàn. Ẹni tó bá ta tán, ìkànnì á tún so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé á kàn bọ́ sínú rẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ pè á jáde, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ètò tí ẹ bá fọwọ́ kọ pé Lágbájá á pàdé Làkáṣègbè, ẹnì kan péré tí kò bá yọjú ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi aago sí, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú-àáyá 30 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Jàpáànù ń pe èyí ẹ̀yìn ní byoyomi: tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn bá ti tán, 30 lẹ ní fún ìgbésẹ̀ kan, 30 fún òmíràn, èyí tí ẹ ò bá lò kò ṣe é tọ́jú de ìgbà mìíràn.

Ohun tó ń pa irú ètò yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dájú. Àkọ́kọ́, ẹnì kan á ní Ọjọ́bọ̀ ò rọ òun lọ́rùn, ẹ ó yí i sí Ọjọ́rú nítorí rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó ti ń wá á sì ṣìnà. Ẹ má yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí ẹni méjì péré bá tilẹ̀ wá. Èkejì ni ẹ̀bùn owó. Ẹ̀bùn owó ń pe àwọn tí yóò ṣí ẹ̀rọ olóye sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti máa wo ìgbésẹ̀ tó kàn, a ó fẹnu kàn án nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má dá wákàtí kejì sílẹ̀ kíákíá. Àfi tí ẹni mẹ́wàá bá ti ń wá sí ti àkọ́kọ́ déédéé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn pín ẹni mẹ́fà sí mẹ́ta-mẹ́ta ni.

Ẹ dẹ́kun kíka iye àwọn tó wọ ẹgbẹ́. Ẹ máa ka iye àwọn tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ìyẹn nìkan ni nọ́ńbà tó ń sọ òótọ́.

Àwọn 137 tó kù ńkọ́? Ẹ má lé wọn. Níbi ọpọ́n ayò, ta ni kò mọ̀ pé òǹwòran máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń ta lọ, pé ariwo wọn gan-an ló ń mú eré dùn? Ní Jàpáànù, àwọn tó ń wo ṣógì láìta á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lórúkọ tiwọn, mirusho. Wọ́n tún pọ̀ sí i nígbà tí Sota Fujii di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lóṣù kẹwàá ọdún 2016, ọmọ ọdún 14, tó sì borí nínú eré 29 léraléra láìfìdírẹmi kí wọ́n tó rẹ́ni dá a dúró ní 2017. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2023, gbogbo oyè ńlá mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn tí kò mọ bí ẹṣin ṣe ń fò ń jókòó wò ó. Ẹ fún àwọn òǹwòran yín níṣẹ́: lẹ́yìn eré Ọjọ́bọ̀, ẹ mú àwòrán ojú ọpọ́n kan ṣoṣo, ibi tí nǹkan ti gbóná, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn. Kan ṣoṣo o. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta á fẹ́ ta á fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ṣógì náà ni eré olókùúta dúdú àti funfun yẹn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Rárá. Igo nìyẹn, tí àwọn míì ń pè ní go, ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ti wá. Ọmọ ṣógì kì í ní àwọ̀ méjì. Igi kan náà ni gbogbo wọn, ẹnu wọn ṣóńṣó, ibi tí ṣóńṣó yẹn bá kọjú sí lẹ fi ń mọ ẹni tó ni ín. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹ jẹ lónìí á bá yín jà lọ́la, kò sì ṣe é tún kùn.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣógì lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀. Gbàrà tí wọ́n bá rí àmì ilẹ̀ Ṣáínà tó wà lára ọmọ eré, ojú wọn á ti fò. Ṣé kí n lo èyí tí wọ́n fi àwòrán ṣe títí láé? — Olùkọ́, London

Ẹ lo àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di títí láé. Lishogi àti 81Dojo, ìkànnì ṣógì mìíràn, méjèèjì ní ọmọ eré tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò lè ka àmì. Ṣùgbọ́n fídíò àwọn ará Jàpáànù, ìwé wọn, ọpọ́n onígi tí wọ́n bá fi ta àwọn ọmọ náà lọ́rẹ, àmì ló wà lára gbogbo wọn. Ọmọ tí kò bá mọ àmì á dúró sẹ́nu ọ̀nà ni.

Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ má fi ilé 81 bẹ̀rẹ̀ rárá. Madoka Kitao, obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ṣógì, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Dobutsu Shogi, ìyẹn ṣógì ẹranko, Maiko Fujita ló ya àwòrán rẹ̀. Ilé 12 péré ló ní, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Ọmọ mẹ́rin lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní: kìnnìún, erin, àgùnfọn àti òròmọdìẹ. Wọ́n kun àmì róbótó sára ẹranko kọ̀ọ̀kan níhà tó lè gbà lọ, nítorí náà kò sóhun tí ọmọdé á há sórí. Òròmọdìẹ tó bá dé ìlà ìparí di àgbébọ̀. Ẹni tó bá mú kìnnìún ló borí, tàbí ẹni tí kìnnìún rẹ̀ bá rìn dé ìlà ìparí ọ̀tá tí wọn kò sì lè mú un níbẹ̀. Eré kan kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ọmọ á mọ̀ ọ́n lára pé ohun tí òun jẹ ti di tòun. Èyí ló máa ń gbé àwọn onísẹ́ẹ̀sì àgbà pàápàá ṣubú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú àwòrán lórí ọpọ́n ńlá, kí ẹ wá bọ́ sórí àmì. Ẹ lo èyí tó jẹ́ àmì ẹyọ kan lórí ọmọ kan, ẹ má lo oníméjì. Ìkànnì ń jẹ́ kí ẹ yàn. Mẹ́jọ péré ni wọ́n ní láti dá mọ̀, kò sì le tó bó ṣe rí lójú. 歩 ló pọ̀ jù, mẹ́sàn-án wà lápá kọ̀ọ̀kan. Fu lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni. 王 ni ọba, ìlà mẹ́ta tí igi kan gún láàárín. Ti ẹnìkejì máa ń ní àmì tóótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, 玉, ọba náà ni. 角, kaku, rí bíi fèrèsé onírin. Òun ló ń gba ìgun lọ. 飛, hisha, ló ń lọ gbọọrọ. 香, ọ̀kọ̀, ń lọ síwájú nìkan. 桂 ni ẹṣin. Iwájú nìkan ni tirẹ̀ náà ń fò sí, ilé méjì ló lè bọ́ sí dípò mẹ́jọ ti ṣẹ́ẹ̀sì.

Ibi tí gbogbo ọmọ ti ń ṣì ni 金 àti 銀, wúrà àti fàdákà. Ẹ fà á súnmọ́ ojú wọn: 銀 gbé 金 sí apá òsì inú ara rẹ̀. Fàdákà ni wúrà tó gbé ẹrù. Ẹ kọ́ wọn bí àwọn méjèèjì ṣe ń rìn lọ́jọ́ kan náà. Wúrà ń wọ ilé mẹ́fà: mẹ́ta níwájú, ọ̀tún, òsì, àti ẹ̀yìn gan-an. Fàdákà ń wọ márùn-ún: mẹ́ta níwájú, àti ìgun méjì lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé wúrà kò lè fẹ̀yìn gba ìgun, fàdákà kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọmọ méjì wọ̀nyí nìkan ṣeré fún ìṣẹ́jú 20, wúrà kí ó máa lé fàdákà kiri. Ẹ ò tún ní sọ ọ́ mọ́.

Ìkànnì wo ló dáa jù fún ẹgbẹ́ tuntun? — Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Abẹ́òkúta

Lishogi fún ẹgbẹ́, torí pé kò ní kí ẹ gbé áàpù sórí fóònù. Ẹ tẹ líǹkì, eré ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún lè kọ́ra yín lórí ọpọ́n kan náà, kí olùkọ́ máa kọ àlàyé sábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 81Dojo fún ẹni tó fẹ́ pàdé àwọn ará Jàpáànù àti ará Yúróòpù nínú yàrá kan náà, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Iye ilé orí ọpọ́n ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Shogi Wars fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá fún ìgbésẹ̀ kan. Èrò pọ̀ níbẹ̀, alátakò kì í wọ́n, ṣùgbọ́n eré ọ̀fẹ́ níwọ̀n lójúmọ́.

Kan ṣoṣo ni kí ẹgbẹ́ yín wà. Ẹgbẹ́ tó bá fi ẹsẹ̀ kan sí lishogi tó fi èkejì sí 81Dojo ti dín ara rẹ̀ kù sí ìdajì.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìgbàkígbà tí mo bá wọlé, kò sí ará Jàpáànù kankan. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Wọ́n ń sùn ni, ẹ̀gbọ́n. Aago Jàpáànù fi wákàtí 15 ṣáájú ti Houston nígbà òtútù, 14 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago mẹ́jọ alẹ́ wọn, tí wọ́n ti jẹun tán, ni aago márùn-ún ìdájí yín tàbí mẹ́fà. Tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ó bá yín lára mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: aago méje tàbí mẹ́jọ alẹ́ yín ni aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé lọ́hùn-ún, wọn ò lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní ìrọ̀rùn tirẹ̀: wákàtí mẹ́jọ ni lọ́dún yípo, nítorí orílẹ̀-èdè méjèèjì kì í yí aago. Aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni alẹ́ Tokyo. Lálẹ́, ẹ wá àwọn ará Pólándì, Faransé àti Jámánì. Aago wọn bá ti Èkó dọ́gba nígbà òtútù, ó fi wákàtí kan ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará Yúróòpù ti ní àjọ ṣógì tiwọn, FESA, láti 1985, ìdíje wọn pọ̀, wọn kì í sì í fojú di àlejò.

Ọ̀gá kan wọ ẹgbẹ́ wa, ó mọ̀ ọ́n ta gan-an. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń na gbogbo èèyàn, àwọn tuntun sì ti ń sá. Ṣé ká ní kó lọ ni? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo

Ẹ lé ẹni tí ẹ̀ ń wá? Ẹ já ọmọ lára tirẹ̀ ni.

Ṣógì ní ètò àtayébáyé fún èyí, komaochi: ẹni tó lágbára á yọ ọmọ kúrò nínú tirẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ gbé. Ọmọ tó yọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú àpótí ló ń wọ̀. Ipele rẹ̀ pọ̀: ọ̀kọ̀ kan, kaku, hisha, hisha àti kaku pọ̀, tí wọ́n ń pè ní ọmọ méjì, ọmọ mẹ́rin, tó fi ọ̀kọ̀ méjì kún un, ọmọ mẹ́fà, tó tún fi ẹṣin méjì kún un, mẹ́jọ, tó yọ fàdákà, mẹ́wàá, tó yọ wúrà, tó fi ku ọba àti fu mẹ́sàn-án péré.

Fún ẹni tí kò tíì ta ju eré 20 lọ, ọmọ mẹ́fà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á ku ọba, wúrà méjì, fàdákà méjì àti fu mẹ́sàn-án. Ẹ wo etí ọpọ́n tirẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì: fu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kọ̀, kò sí ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ tuntun yìí pé kó máa ti fu etí rẹ̀ lọ síwájú, kí ọ̀kọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí hisha tàbí kaku sì kọjú síbẹ̀. Á já wọlé. Tí ọmọ bá ti dé ìlà mẹ́ta ìparí, ó lè yí padà: fu á di wúrà, tí wọ́n ń pè ní tokin, hisha á di dírágónì. Ẹni tuntun tó bá rí dírágónì tirẹ̀ nínú ilé ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní sá mọ́.

Tó bá borí mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọmọ mẹ́rin. Tó bá pàdánù mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ gòkè padà. Kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ òfin yìí ṣáájú, kó má di ọ̀rọ̀ àánú. Lishogi àti 81Dojo ní ètò yíyọ ọmọ nínú, ṣùgbọ́n ẹ máa yàn án fúnra yín nígbà tí ẹ bá ń pe ara yín níjà. Arena lásán kì í dá a ṣe.

Ohun kejì tí ẹ lè fi ọ̀gá yìí ṣe: ẹ ní kó máa kọ́ àwọn tuntun ní odi ààbò kan péré fún ọba wọn. Ọ̀pọ̀ onísẹ́ẹ̀sì máa ń fi ọba sáàárín, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Mino ni kó kọ́ wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlà òró, tí a ń kà láti ọ̀tún, èkejì ni ti ìbú, láti òkè, ẹni tó kọ́kọ́ gbé wà nísàlẹ̀. Fu sí 7-6, fu sí 6-6, hisha láti 2-8 sí 6-8. Ọba á wá gba 4-8, 3-8, dé 2-8 níbi tí hisha ti kúrò. Fàdákà 3-9 á gun 3-8, wúrà 6-9 á lọ sí 5-8, wúrà 4-9 kò ní mira. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lápapọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí alátakò lè ṣe láti dí i lọ́wọ́ tí ẹ bá ti ti fu 6-6 síwájú, torí ó dí ọ̀nà kaku mọ́lẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kì í borí rárá ti bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A fura pé kọ̀ǹpútà ló ń bá a ta. Báwo la ṣe máa mọ̀? — A ò fẹ́ ká dárúkọ ìlú wa

Ẹ má fi ẹ̀sùn kàn án nínú ẹgbẹ́. Ẹ wo aago kí ẹ tó wo ìgbésẹ̀. Èèyàn máa ń jẹ ọmọ padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á sì ronú fún ìṣẹ́jú kan níbi tí nǹkan ti díjú. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ máa ń lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ-mẹ́jọ síbi gbogbo, ibi tó rọrùn àti ibi tó le. Ẹ wo eré mẹ́ta, ẹyọ kan kò tó. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè é lóun nìkan, ẹ ní kí ẹ jọ wo eré kan tó borí, kó ṣàlàyé ìdí tó fi gbé ìgbésẹ̀ kan tó ṣòro. Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ á ṣàlàyé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ kò péye. Ìkànnì náà ní bọ́tìnnì ìfẹ̀sùn, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ̀rọ ti jẹ́ èèwọ̀ o. Shogi Wars ń ta ìrànlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní kishin: ẹ sanwó, ẹ̀rọ á bá yín gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún láàárín eré. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín lè má mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ ní ìlà kan: kò sí ẹ̀rọ títí eré fi parí, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ lè fi wo àṣìṣe yín bó ṣe wù yín.

Iná àti nẹ́tíwọ̀kì ló ń bá wa jà. Eré tí mo ti ń borí, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, aago á pa mí. — Oníléeṣẹ́ ìránṣọ, Ìlọrin

Byoyomi ló ń pa yín. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40, 30 yín ti tán. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 60, eré á gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n á parí. Èyí tó tún dáa jù fún yín ni eré ọlọ́jọ́ lórí lishogi: ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ìgbésẹ̀ kan. Ẹ ó gbé ọmọ kan láàárọ̀, ẹ ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ má ta ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá á gbàgbé mẹ́fà, àwọn mẹ́fà yẹn á sì rò pé wọ́n fojú di wọn ni.

Ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Jàpáànù lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ipò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́? Ọmọ mi obìnrin ló ń bi mí. — Bàbá Ẹniọlá, Adó-Èkìtì

Ó ti ṣẹlẹ̀. Karolina Styczyńska, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, kọ́ ṣógì nígbà tó rí i nínú ìwé ìtàn aláwòrán ará Jàpáànù. Orí 81Dojo ló ti ń ta, ibẹ̀ ni Madoka Kitao tí a dárúkọ lókè ti rí i tó sì pè é wá sí Jàpáànù. Lóṣù kejì ọdún 2017, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Jàpáànù tó wọ ipò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àwọn obìnrin. Ẹ jẹ́ kó mọ èyí tó kù pẹ̀lú: ó kó lọ gbé ní Jàpáànù kó tó bọ́ sí i, ó sì kọ́ èdè wọn. Ọ̀nà kejì, ti gbogbo gbòò, tún le ju ìyẹn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Shoreikai ni wọ́n ń gbà, ẹni tí kò bá sì dé ipò kẹrin dan, níbi tí ipò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó pé ọmọ ọdún 26, wọ́n á ní kó máa lọ, àfi ìwọ̀nba tí òfin bá yọ sílẹ̀.

Ní báyìí, kí ó máa yanjú àlọ́ ọba kékeré mẹ́wàá lóòjọ́, èyí tí ìgbésẹ̀ kan ń pa ọba. Irú èyí: ọba ọ̀tá wà ní 5-1, òun nìkan. Fu tiwa wà ní 5-3. Wúrà kan wà lọ́wọ́ wa. Níbo la ó sọ̀ ọ́ sí? 5-2, lórí ìmú ọba. Kò lè jẹ ẹ́, fu ń ṣọ́ ọ. Kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí òsì, wúrà ti dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ti ń rí èyí láìronú, kó bọ́ sí èyí tí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ń pa.

A fẹ́ kí àwọn tó ń ta lórí fóònù pàdé lójúkojú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n ọpọ́n ti òkè òkun wọ́n. Ṣé páálí ò lè ṣe é? — Akápò, Ṣàgámù

Ó lè ṣe é dáadáa. Lórí bébà A4, ẹ ya ilé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, tó ga ní 2.2. Mẹ́sàn-án wọn á gba 18 ní ìbú àti 19.8 ní òró, àyè á sì ṣẹ́kù lókè àti nísàlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bá jẹ. Ilé ṣógì kì í dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ọmọ rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ gé ọba ní 1.8 ní ìbú àti 2.0 ní òró, fu ní 1.4 ní ìbú àti 1.6 ní òró, kí ìyókù wà láàárín wọn. Ẹnu gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣóńṣó. Páálí bíbó tí wọ́n fi ń di bàtà dáa ju káàdì lọ, kò ní máa ká.

Ẹ fi báírò dúdú kọ ojú, kí ẹ fi pupa kọ ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n á yí sókè tí ọmọ bá ti gba agbára tuntun. Wúrà àti ọba kò ní ohunkóhun lẹ́yìn. Ẹ má kun apá kan ní búlúù kí ẹ kun èkejì ní pupa bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Tí wọ́n bá ti jẹ ọmọ àkọ́kọ́, eré ti dàrú.

Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn nípa nifu kí wọ́n tó jókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní fu méjì tí kò tíì yí padà lórí ìlà òró kan náà. Lishogi kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹni tí orí fóònù nìkan ló ti ń ta kò tilẹ̀ mọ̀ pé òfin náà wà. Lórí páálí, ẹni tó bá ṣe é ti pàdánù lójú ẹsẹ̀, kò sí "má bínú, jẹ́ kí n gbé e padà." Ó ti ṣẹlẹ̀ sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lórí tẹlifíṣàn NHK ní 2015, lójú gbogbo ayé.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọmọ 40: fu 18, ọ̀kọ̀ 4, ẹṣin 4, fàdákà 4, wúrà 4, kaku 2, hisha 2, ọba 2. Ẹ gé fu 20 dípò 18. Ó dájú pé ọ̀kan á bọ́ sábẹ́ àga kí ilẹ̀ tó ṣú.